Kí Ọ̀rọ̀ Ṣọ́ọ̀bù Kejì Tó Kàn: Bí Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ajá Ṣe Ń Gbòòrò ní Ìbàdàn

Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ wíwẹ ajá àti gígé irun ajá ní Ìbàdàn ni ó gbà pé ọjọ́ tí àwọn bá gba ṣọ́ọ̀bù kejì, tàbí ọjọ́ tí àwọn bá ra bọ́ọ̀sì tí wọ́n ya àwòrán ajá sí lára, ni iṣẹ́ àwọn gbòòrò. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ inú iṣẹ́ yìí ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ọ̀nà wo ni àwọn lè gbà kúrò ní ipò oníṣẹ́ kékeré. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé láti ara ajá tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni ni iṣẹ́ yìí ti ń gbòòrò. Ajá tí ó ń padà wá ní àsìkò tí ó yẹ kí ó padà wá ni ìpìlẹ̀ òwò wa, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀nà yòókù dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ẹnì kan ní ọgbọ̀n ajá tí àwọn olówó wọn ti mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí wọ́n ń gbé wọn wá lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, tí ó sì ń gba ₦10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwẹ̀ 120 ni ìyẹn jẹ́ lọ́dún, owó tí yóò sì wọlé jẹ́ ₦1,200,000. Bí àwọn ọgbọ̀n ajá yìí kan náà bá ń wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, ìwẹ̀ náà yóò tó 260, owó náà yóò sì ju ìlọ́po méjì lọ, láìjẹ́ pé ó san owó ilé tuntun, láìjẹ́ pé ó wá oníbàárà tuntun kan ṣoṣo. Kódà bí ó bá dín owó díẹ̀ kù fún àwọn tí ń wá déédéé, èrè rẹ̀ ṣì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé iṣẹ́ tí ó wà lára ajá tí kò pẹ́ kò tó ti ajá tí ó ti pẹ́ nílé.

Lára Lhasa Apso ni ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ yóò ti rí i kedere. Ajá yìí, tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Tibet wá, pọ̀ ní àwọn ilé tí ó wà ní Bódìjà àti Olúyọ̀lé, irun rẹ̀ kì í sì í dẹ́kun gígùn. Bí wọn kò bá máa yà á, yóò bẹ̀rẹ̀ sí dì: lẹ́yìn etí, ní abíyá, láàárín itan, àti ní ibi tí okùn ọrùn ti ń ha á. Irun tí ó bá ti dì a máa fa awọ ajá ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀, omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, awọ abẹ́ rẹ̀ a sì máa pọ́n, a máa rùn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ dé, kò sí ohun tí a lè ṣe fún un ju pé kí a fá irun náà mọ́lẹ̀ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a máa dá kílípà dúró láti ìgbà dé ìgbà kí irin rẹ̀ má baà gbóná jó o lára. Iṣẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ á di ti wákàtí mẹ́ta. Ajá ń jìyà, apá ń ro ọmọṣẹ́, inú olówó ajá kò sì dùn sí orí kodoro tí ó bá nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fẹ́ san owó wákàtí mẹ́ta. Ajá kan ṣoṣo tí ó pẹ́ nílé lè gba àyè ajá méjì tí kò pẹ́, kí gbogbo ènìyàn sì lọ sílé pẹ̀lú ìbínú.

Nítorí náà, kí ajá tó kúrò lórí tábìlì ni kí ẹ ti dá ọjọ́ tí yóò padà wá, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀ lórí fóònù bí ọjọ́ náà bá ku ọjọ́ méjì. Ajá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú ìwé tirẹ̀: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹ́yìn, ọṣẹ tí a fi wẹ̀ ẹ́, ibi tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ariwo tí ó ń bà á lẹ́rù, àti ẹni tí a lè fà á lé lọ́wọ́ bí olówó rẹ̀ kò bá lè wá fúnra rẹ̀. Ẹnì kan lè rò pé ìwé kíkọ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kan bá gbé ajá rẹ̀ wọlé, tí ọmọṣẹ́ sì sọ fún un pé, "Mà, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí ó ń dùn ún nígbà yẹn ńkọ́?", ìyá náà kò ní lọ wẹ ajá rẹ̀ níbòmíràn mọ́.

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ gbà. Bàbá kan ní Jẹ́ríkò, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, sọ fún mi pé, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣé ajá náà ń lọ sóde ìgbéyàwó ni, tí yóò fi máa wẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà? Nígbà tiwa, odò ni a ń kó wọn lọ." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi lọ́wọ́ yín." Mo mú ìka wọn, mo sì rọra fi sẹ́yìn etí ajá náà, níbi tí àwọn eégbọn kún sí, àwọn tí ó tóbi tò yí àwọn kéékèèké ká, gbogbo wọn kún fún ẹ̀jẹ̀. Bàbá yọ ọwọ́ wọn. "Eégbọn ni gbogbo èyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, a kò sì tíì wo àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pè mí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé.

Ọ̀rọ̀ eégbọn yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò ní Ìbàdàn mọ̀ dunjú, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni a ti ń tan àwọn oníbàárà jẹ jù. Eégbọn pupa rúsúrúsú tí ó wọ́pọ̀ lára ajá máa ń gorí ajá ní ẹ̀ẹ̀mẹta láyé rẹ̀: nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, àti nígbà tí ó dàgbà tán. Bí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, yóò já bọ́ sílẹ̀, yóò sì lọ fara pamọ́. Èyí tí ó jẹ́ abo, tí ó ti yó tán, yóò wọ inú ibi tí ògiri ti là tàbí abẹ́ ilé ajá, tàbí kí ó gun ògiri lọ sókè títí dé abẹ́ òrùlé, ibẹ̀ ni yóò sì yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí. Nínú ooru bíi tiwa níhìn-ín, nǹkan bí oṣù méjì péré ti tó kí ìran kan parí kí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá wẹ ajá dáadáa, tí ó ṣa gbogbo eégbọn ara rẹ̀ kúrò, tí ó sì dá ajá náà padà sínú ilé kan náà, àwọn tí ó wà lára ògiri ń dúró dè é. Olówó ajá yóò sọ pé ọṣẹ wa kò dára, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kọ́ ni ó ṣẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó tọ́ láti fi kún ìwẹ̀ ni títẹ̀lé eégbọn dé ilé. Èyí ni pé, lẹ́yìn tí a bá wẹ ajá, a ó lọ wo ibi tí ó ń sùn, a ó sọ fún olówó rẹ̀ kí ó dí àwọn ibi tí ògiri ti là, kí ó kó àwọn ẹní àti àkísà àtijọ́ jáde kí ó sun wọ́n, kí ó gé koríko tí ó yí ilé ajá ká, a ó sì fín oògùn tí dókítà ẹranko bá fọwọ́ sí, nígbà tí ajá, ọmọdé, àwo oúnjẹ àti àwo omi kò bá sí níbẹ̀, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ. A gbọ́dọ̀ padà lọ fín in lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àwọn ẹyin tí kò tíì pa. Owó iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí owó ìwẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Mo sì rí i pé inú àwọn ènìyàn dùn láti san án nígbà tí a bá ti ṣàlàyé fún wọn bí eégbọn ṣe ń gbé ayé rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ná owó lórí oògùn oríṣiríṣi láìrí ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹwà nìkan pẹ̀lú. Eégbọn yìí ni ó ń kó àwọn àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní Ehrlichia àti Babesia ran ajá. Ẹni tí ó ń wẹ ajá ni ó sì máa ń kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀: èrìgì tí ó funfun, ara tí ó gbóná, ajá tí ó máa ń jà lórí tábìlì tẹ́lẹ̀ tí ó wá dákẹ́.

Bí ẹ bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ má gún ajá ní abẹ́rẹ́ o. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, òfin sì ti sọ ẹni tí ó lè ṣe é, nítorí pé ìgbìmọ̀ kan wà ní Nàìjíríà tí ó ń forúkọ àwọn dókítà ẹranko sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ba àjọṣe ara wọn pẹ̀lú dókítà jẹ́ nítorí owó abẹ́rẹ́ kékeré, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ó lè gbé oníbàárà wá fún wa tó dókítà. Ajá tí ó bá rí ẹni tì í lẹ́yìn ni ó ń pa ọ̀bọ. Ìbàdàn ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ilé ìwòsàn tirẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Mọ́kọ́lá, àwọn dókítà tí ó dá dúró sì wà káàkiri. Ẹ lọ kí wọn. Ẹ mú ajá tí ara rẹ̀ kò yá lọ fún wọn pẹ̀lú ìwé kékeré tí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nígbà tí ajá kan tí awọ rẹ̀ ń ṣe é bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan máa fi ọṣẹ oògùn wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí ó sì jẹ́ kí ọṣẹ náà wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó ṣàn án, ẹ̀yin ni wọn yóò rántí.

Ohun kan náà ni ó kan káàdì àjẹsára. Ṣọ́ọ̀bù tí ó fẹ́ dàgbà gbọ́dọ̀ lè kọ ajá tí kò ní káàdì àjẹsára dìgbòlugi. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dá owó padà nígbà tí owó ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, ṣùgbọ́n àrùn dìgbòlugi kì í ní ìwòsàn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, láti ẹnu ajá sì ni ó ti ń ran ènìyàn jù. Ọmọ ajá lè gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí ó bá pé oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Bí ajá bá bu ọmọṣẹ́ jẹ, omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, yálà ajá náà ní káàdì tàbí kò ní. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìgbéjàko dìgbòlugi. Ọjọ́ náà dára gan-an fún ṣọ́ọ̀bù kékeré láti pe dókítà kan wá sí ojúlé rẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò kó ajá wọn wá gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì rí bí ibi iṣẹ́ náà ṣe mọ́ tó.

Lẹ́yìn èyí ni mo ka lílọ sí ilé oníbàárà sí, mo sì gbà pé ní Ìbàdàn òun ni ọ̀nà tí ó tètè ń mú iṣẹ́ gbòòrò jù lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọ̀pọ̀ ajá ìlú yìí ni ajá tí ń ṣọ́ ilé, Boerboel, Caucasian, Alsatian, ajá ìbílẹ̀ wa pẹ̀lú, tí wọn kò wọ ọkọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó wọn jẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n ń sin ajá sí ẹ̀yìnkùlé fún ààbò, ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́ kí ó wọ ilé tàbí ọkọ̀ nítorí ìmọ́tótó fún ìrun. Irú àwọn ẹni báyìí kò ní gbé ajá wá sí ṣọ́ọ̀bù láéláé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ajá wọn mọ́. Bí ẹ bá lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí ẹ mú agbada, rọ́bà omi, ọṣẹ àti táwẹ̀lì tiyín lọ, tí ẹ kò sì lo kẹ́tùrù tí àwọn ará ilé fi ń ṣe àlùwàlá, oníbàárà tí kò ní já yín sílẹ̀ ni wọn yóò jẹ́.

Ohun tí ó ń pa èrè iṣẹ́ ilé-dé-ilé ni ìrìn. Ẹni tí ó lọ sí Bódìjà láàárọ̀, tí ó lọ sí Àpáta lọ́sàn-án, tí ó tún sáré lọ sí Òjòó ní ìrọ̀lẹ́, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ó ti ná èrè rẹ̀ tán. Ẹ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n: ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún Bódìjà àti Sàmọ́ńdà, Ọjọ́bọ̀ fún Olúyọ̀lé àti Challenge, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà tí ó bá fẹ́ ọjọ́ mìíràn lè san owó ọkọ̀ tí ó ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ó bá mú aládùúgbò rẹ̀ méjì wọlé kò ní san owó ọkọ̀ rárá. Ọ̀nà yìí mú kí àwọn oníbàárà máa bá yín wá iṣẹ́ fúnra wọn, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ẹ́sítéètì yóò di ọ̀rẹ́ yín, nítorí òun ni ó mọ ilé tí ajá wà. Mọ́tò ńlá tí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe bí ilé ìwẹ̀ kò pọn dandan. Kẹ̀kẹ́ Marwa tí a bá háyà fún ọjọ́ kan lè gbé gbogbo irinṣẹ́, ó sì ń wọ inú àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ajá Caucasian, nítorí mo ti rí ohun tí ó bà mí nínú jẹ́. Nítorí pé irun rẹ̀ pọ̀, tí ooru sì pọ̀, àwọn olówó rẹ̀ máa ń ní kí a fá a mọ́lẹ̀ kódóró, àwọn kan nínú wa sì ń ṣe é nítorí owó. Irun méjì ni ajá yìí ní, èyí tí ó gùn lókè àti èyí tí ó kúnná lábẹ́. Irun òkè ni ó ń dáàbò bo awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, bí a bá sì fá a tán, ó lè má hù padà bí ó ṣe wà. Ohun tí ó ń mú ara tù ú ni kí a fi òòyà onírin yọ irun abẹ́ tí ó ti kú, kí afẹ́fẹ́ lè dé awọ. Iṣẹ́ náà le, irun tí ó máa ń jáde lára ajá kan lè kún àpò, ṣùgbọ́n owó gidi ni wọ́n ń san fún un, ajá náà a sì mí kanlẹ̀ bí a bá parí. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì ní ìgboyà láti sọ fún Alhaji tàbí Olóyè tí ó ni ajá náà pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, n kò ní fá a, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó dára jù ú lọ hàn yín."

Iná àti epo náà gba ìrònú. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí ń jẹ èrè wa jù, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun ajá sì ni ó ń jẹ iná jù nínú irinṣẹ́ wa. Táwẹ̀lì tí ó ń mu omi dáadáa, tí a tẹ̀ mọ́ ara ajá tí a kò fi ra á, lè dín àsìkò ẹ̀rọ náà kù gan-an. Ẹ kó àwọn ajá onírun púpọ̀ pọ̀ sí ọjọ́ kan náà, kí jẹnẹrétọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi àwọn onírun kúkúrú sí àwọn ọjọ́ yòókù. Kílípà tí ó ń lo bátìrì kò ní dá iṣẹ́ dúró bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n kò sí iye epo tí ó tó kí a ti ajá mọ́ inú àpótí pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná kí a sì bá tiwa lọ. Ajá kì í làágùn bíi ti ènìyàn, ẹnu ni ó fi ń tu ara, ajá tí imú rẹ̀ sì kúrú lè kú sínú irú ooru bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àwọn kan ń béèrè nípa gbígba ajá sùn nígbà tí olówó rẹ̀ bá rìnrìn-àjò, pàápàá ní oṣù Kejìlá. Owó wà níbẹ̀, n kò sẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tí ó ní yàrá kan ṣoṣo nímọ̀ràn pé kí ó bẹ̀rẹ̀. Àrùn parvo, tí ń pa ọmọ ajá pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀pọ̀ nínú oògùn ìfọlẹ̀ kò sì ràn án, àfi irú èyí tí ó ní kílórìnì bíi Jik. Ajá kan tí ó bá gbé e wọlé lè ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀, tí ó lè ya àwọn ajá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sì ní gba ajá tí kò gba àjẹsára, kí ó ṣe é. Ó dára kí àwọn yòókù máa wẹ àwọn ọmọ ajá fún àwọn tí ń sin ajá tà, nígbà tí àwọn ọmọ ajá náà bá ti gba àjẹsára. Ọmọ ajá tí ó mọ́, tí wọ́n ti gé èékánná rẹ̀, yá tà, ẹni tí ó bá sì rà á yóò béèrè ẹni tí ó wẹ̀ ẹ́.

Ológbò ni ọjà tí a kò tíì kà sí. Nínú ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ tó Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ilé tí kò lè gba ajá láyè ni ológbò wà, àwọn onírun gígùn bíi Persian sì ń pọ̀ sí i. Ológbò ń fọ ara rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìwẹ̀ ni a máa tà fún olówó rẹ̀ bí kò ṣe yíya irun, títú irun dídì, gígé èékánná àti fífọ etí. Ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀ tí ajá kan kò ní sí nítòsí, pẹ̀lú irinṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oògùn eégbọn ajá tí permethrin bá wà nínú rẹ̀ lè pa ológbò, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ kó wọn pọ̀ sórí pẹpẹ kan náà.

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, ọwọ́ ẹnì kan kò lè ṣe é. Ọmọṣẹ́ ni iṣẹ́ yìí yóò fi gbòòrò, ó sì ṣe pàtàkì pé kí a kọ́ wọn ju wíwẹ̀ lọ. Ẹ wo èékánná. Nínú èékánná funfun, ẹran pupa tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ hàn síta, ọmọṣẹ́ lè rí ibi tí yóò dúró sí. Nínú èékánná dúdú, kò hàn. Díẹ̀díẹ̀ ni a óò máa gé e, a óò máa wo ojú ibi tí a gé, nígbà tí a bá sì rí àmì dúdú kékeré kan láàárín rẹ̀, a ti dé ẹ̀bá ẹran nìyẹn, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dúró. Ọmọṣẹ́ tí ó bá mọ èyí, tí ó sì mọ bí a ṣe ń ka ojú ajá tí ó fẹ́ bunijẹ kí ó tó ké, òun ni ẹ lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún kí ẹ sì lọ sí ilé oníbàárà. Ẹ kọ ohun tí yóò kọ́ àti ìgbà tí yóò gba òmìnira sínú ìwé níṣojú àwọn òbí rẹ̀, bí a ti ń ṣe nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ti ènìyàn kí ó tó fọwọ́ kan ajá àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá sì ti gba òmìnira, ẹ bi í bóyá yóò dúró gba ìpín nínú owó tí ó bá pa, nítorí pé ọmọṣẹ́ tí ó bá lọ pẹ̀lú ìbínú yóò kó oníbàárà lọ.

Ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àjọ CAC kò le mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ni báńkì yóò béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún orúkọ iṣẹ́ yín. Ní ti àwòrán, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olówó ajá, ẹ ya ajá náà kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ àti lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ sì gbé e sórí WhatsApp pẹ̀lú orúkọ ajá nìkan, láìfi ilé hàn.

Nígbà wo wá ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì kàn? Lójú tèmi, ó kàn nígbà tí ìwé yín bá fi hàn pé àdúgbò kan tí ẹ ń lọ ní ọjọ́ tirẹ̀ ti ní ajá tí ó kún ọjọ́ náà dẹ́nu, tí ẹ ti ń fi í kún ọjọ́ kejì, tí ọmọṣẹ́ kan tí ó ti gba òmìnira sì wà tí ó lè jókòó síbẹ̀. Owó àjọ tí ẹ bá kó ni kí ẹ fi gbà á bí ó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe owó èlé, nítorí pé owó ilé ọdún kan pẹ̀lú owó ájẹ́ǹtì àti owó àdéhùn yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí ajá kankan tó wọlé. Kí ẹ tó san án, ẹ bu omi kẹ́tùrù mélòó kan dà sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ wo ibi tí yóò ṣàn gbà, ẹ béèrè bóyá kànga tàbí bohó ilé náà ń gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ sì rí i pé onílé kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òun mọ̀ pé ajá ni wọn yóò máa tọ́jú níbẹ̀, àti pé gbígbó wọn kò ní di ẹjọ́.